Ọjọ́ Ìfọ́kóló ní Àsúnmọ́dò

"Ẹ lè wo ara yín, òfin kò de ojú," ni Ìyáàfin Abíọ́nà, akọ̀wé Gbọ̀ngàn Omi, wí bó ti ń yẹ ẹ̀gbà ọwọ́ Ìbíyẹmí wò. "Ẹnu nìkan ló dè. Bí ẹ bá sì fẹ́ sín, ẹ kọjú sí ògiri kí ẹ tó sín. Lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan sín ní ìlú kejì, ẹni tó jókòó tì í ní 'pẹ̀lẹ́ o', ó dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lé àwọn méjèèjì jáde."

Ìbíyẹmí rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Ẹ̀gbà náà tutù mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọ̀ aró ni, bó ti wà láti ọjọ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ pé òun fẹ́ du iṣẹ́ omi ìlú Àsúnmọ́dò. Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbà ti ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó gbọ́ aáwọ̀ òun àti ọkọ rẹ̀, ó gbọ́ àdúrà rẹ̀, ó gbọ́ orin tó máa ń kọ bó bá ń lọ ata. Kò ka ìkankan sí. Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣọ́: kí Ìbíyẹmí la ẹnu bá ẹlòmíràn tó ń du iṣẹ́ kan náà. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, aró yóò di pupa, ó sì parí fún un nìyẹn.

Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ bọ́ sára Ọ̀gá Fátúróti.

Bàbá arúgbó náà jókòó lódìkejì gbọ̀ngàn, ó fi ọ̀pá rẹ̀ sáàárín orúnkún méjèèjì. Ó ti rù. Ọrùn bùbá rẹ̀, tí Màmá Ayọ̀ká ìyàwó rẹ̀ máa ń rí i dájú pé ó bá a mu, ti wá fẹ̀ jù fún un, bí ẹni pé ó yá aṣọ ẹlòmíràn wọ̀. Ẹ̀gbà wà lọ́wọ́ òun náà, aláwọ̀ aró. Ó rí Ìbíyẹmí, ó mi orí díẹ̀. Ìbíyẹmí náà mi orí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ojú tì í. Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ nìyẹn o, ẹni tó fi oúnjẹ ilé rẹ̀ tọ́ ọ dàgbà, òun ló wá ń mi orí sí bí alángbá.

Nígbà tí ọyẹ́ ń mú ni Màmá Ayọ̀ká kú. Gbogbo ìlú ló lọ kí Ọ̀gá. Ìbíyẹmí nìkan ni kò lè wọlé. Abẹ́ igi òdán kan níwájú ilé ló dúró sí, ó ń gbọ́ ẹkún àwọn ẹlòmíràn, ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń kọjá lára rẹ̀, wọ́n ń wò ó tìyanu-tìyanu, títí ẹnìkan fi sọ fún wọn pé, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ó ń du iṣẹ́ omi. Wọ́n ti dè é lẹ́nu."

Kì í ṣe pé òfin náà kò nídìí. Ìbíyẹmí wà lára àwọn tó nawọ́ sókè nígbà tí ìlú ń fọwọ́ sí i. Nígbà tó wà lọ́mọdé, àwọn kọngílá a máa pàdé ní yàrá ẹ̀yìn ilé ọtí, wọn a pín iṣẹ́ ìlú láàárín ara wọn bí ẹran iléyá: ìwọ mú tòní, èmi ó mú tọ̀la. Wọn a gbẹ́ kòtò, wọn a ri páìpù, wọn a ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi kò ní wá. Nínú ọ̀kan lára àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni gbogbo ẹ̀rọ ìlú gbẹ, tí àwọn ènìyàn ń mu omi àgbàrá, tí onígbáméjì sì mú àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n de ẹnu àwọn kọngílá, tayọ̀tayọ̀ ló nawọ́. Kò ro ó nígbà náà pé òun náà yóò di kọngílá lọ́jọ́ kan, tàbí pé ẹnu tí wọ́n ń dè yìí ni ènìyàn fi ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

"Wọ́n ti tan Ògiri Àfihàn," ni akọ̀wé náà wí. "Ẹ lọ kà á kí èrò tó kún."

Lójú ògiri náà ni ètò gbogbo àwọn tó ń du iṣẹ́ máa ń yọ ní àárọ̀ ọjọ́ ìfọ́kóló. Ibi tí olúkúlùkù yóò ti fa omi, ọ̀nà tí yóò gbà sẹ́ ẹ, bí yóò ṣe gbé e dé ilé onílé, gbogbo rẹ̀ yóò hàn sí tẹrú-tọmọ. Iye tí olúkúlùkù fẹ́ gbà nìkan ni yóò ṣì wà ní ìpamọ́ nínú kóló gíláàsì tirẹ̀ lórí tábìlì, títí agogo yóò fi lù.

Ó kọ́kọ́ ka ètò Ilé-iṣẹ́ Kùrukùru. Àwọn wọ̀nyí kò nílò odò. Inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ń fún omi jáde, bí ìgbà tí ènìyàn ń fún aṣọ. Àwọn ẹ̀rọ kékeré abìyẹ́ ni yóò máa gbé e wá sórí òrùlé, inú agbada tó ní ìlẹ̀kùn, ìlẹ̀kùn náà kò sì ní ṣí bí kò bá rí ojú ẹni tó ti sanwó. Ìbíyẹmí ronú nípa àlejò tí òùngbẹ bá gbẹ lójú ọ̀nà. Ó ṣí ètò kejì.

Ètò Ọ̀gá Fátúróti ni. Ó ka ìlà àkọ́kọ́, ó tún un kà. Ó fi ọwọ́ ti ògiri.

*Láti Ìsun Olótùútù ni a ó ti fa omi sílẹ̀.*

Ìsun Olótùútù! Bí Ìbíyẹmí bá ti gbọ́ orúkọ náà, òórùn ewé tútù ló máa ń kọ́kọ́ dé imú rẹ̀. Láyé ìgbà tí Ọ̀gá ló gba iṣẹ́ omi, tí Ìbíyẹmí jẹ́ ọmọṣẹ́ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, kí oòrùn tó ràn ni wọ́n máa ń gun Òkè Ìjókòó lọ síbẹ̀. Ọ̀gá a wà níwájú, a máa fi àdá ṣán koríko ojú ọ̀nà, a máa kọrin pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó wúwo. Bí ó bá ku díẹ̀ kí wọ́n débẹ̀, a ní kí gbogbo wọn dákẹ́. "Ẹ gbọ́," a wí. Wọn a gbọ́ omi náà kí wọ́n tó rí i, tó ń rọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ lábẹ́ àpáta, bí àwọn obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ àṣírí nínú yàrá. Ọ̀gá a bẹ̀rẹ̀, a fi ọwọ́ bù ú, a mu ún, a sì pa ojú dé fún ìgbà díẹ̀. "Òjò ti rọ̀ lẹ́yìn òkè," a wí. Tàbí, "Ẹnìkan ti dáná sungbó." Àwọn ọmọṣẹ́ náà a bù ú mu, wọn a pa ojú dé bíi tirẹ̀, wọn kò ní rí nǹkankan mọ̀ nínú rẹ̀ ju pé ó dùn, ó sì ń ta eyín.

Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, Màmá Ayọ̀ká a ti se èkuru sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó bu òkèlè, a kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, a ṣí ẹ̀rọ omi, a wò ó. Bí omi bá ń dà gììrì, a pariwo wọlé pé, "Ìlú ti mu ún dé ọ̀dọ̀ wa o!" Ìgbà náà ni wọ́n tó ń jẹun. Nítorí pé ilé wọn ló kẹ́yìn lórí páìpù. Ibẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n máa gbé.

Ìgbà ayọ̀ ni ìgbà náà. Ìbíyẹmí kò mọ̀ pé ìgbà ayọ̀ ni nígbà tó wà nínú rẹ̀. Ó rò pé iṣẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n omi kò sí ní Ìsun Olótùútù mọ́. Kò pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ lọ wò ó, nítorí òun náà ti rò láti fa omi ibẹ̀. Àwọn tó ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì ti fi ọgbà yí gbogbo òkè náà ká. Ó tọrọ àyè kí wọ́n tó jẹ́ kí ó wọlé. Ó gun òkè, ó dé ibi tí Ọ̀gá ti máa ń ní kí wọ́n dákẹ́, ó dákẹ́, kò gbọ́ nǹkankan. Nígbà tó dé ìdí àpáta, eruku ló bá. Wọ́n ti gbẹ́ ìdí òkè títí omi fi rì lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ó jókòó síbẹ̀, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ilé bàbá rẹ̀ jó. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ aṣọ́mi tí wọ́n rì síbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ ṣì ń ránṣẹ́ sí Gbọ̀ngàn Omi lójoojúmọ́ pé omi wà, omi dára. Bóyá ó ti bàjẹ́, bóyá àlá ló ń lá.

Nígbà tó padà sílé ló pa ètò rẹ̀ àkọ́kọ́ tì, tó kọ òmíràn: kànga jíjìn nínú yanrìn Odò Ìmójò, níbi tí omi máa ń fara pamọ́ sí bí odò bá gbẹ. Ẹ̀rọ àti iná ni yóò fà á sókè. Kò lè kéré lówó bíi ti Ọ̀gá, nítorí omi orí òkè fúnra rẹ̀ ló ń sáré sọ̀ kalẹ̀, kò fẹ́ ẹ̀rọ, kò fẹ́ iná.

Ọ̀gá kò mọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e gun òkè mọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ Gbọ̀ngàn Omi, Gbọ̀ngàn Omi ní omi wà, ó sì gbà á gbọ́, bóyá nítorí pé òun náà fẹ́ kí ó wà.

Ìbíyẹmí padà lọ bá akọ̀wé. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyáàfin, bí ènìyàn bá rí àbùkù nínú ètò ẹlòmíràn ńkọ́?"

"Ẹ sọ ọ́ fún Adíwọ̀n, bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ náà, lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ̀sùn nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, wọn á lé olúwarẹ̀ jáde, wọn á sì kọ 'èké' sí iwájú orúkọ rẹ̀."

"Bí ó bá jẹ́ pé kò mọ̀ ńkọ́? Bí àṣìṣe ni?"

Ìyáàfin Abíọ́nà wò ó lójú. "Adíwọ̀n kò mọ àṣìṣe yàtọ̀ sí èké. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, àwọn èké ni yóò kọ́kọ́ máa pe èké wọn ní àṣìṣe." Ó tún sún mọ́ ọn. "Ta ni?"

"Kò sí," ni Ìbíyẹmí dáhùn.

Orúkọ Fátúróti wà lára òkúta ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà, pẹ̀lú ti gbogbo àwọn tó ti fún ìlú lómi rí. Bí wọ́n bá pè é ní èké, wọn yóò mú irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ òkúta wá, wọn yóò ha á kúrò. Bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyàwó!

Gbọ̀ngàn ti kún. Àwọn ènìyàn wọlé pẹ̀lú àga wọn, àwọn mìíràn dúró sí ojú fèrèsé. Adíwọ̀n tàn. Igi ìrókò ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, ó ga ju ènìyàn lọ, gíláàsì wà láyà rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò jọ tọkùnrin, kò sì jọ tobìnrin.

"Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ará Àsúnmọ́dò," ó wí. "Mo rí kóló mẹ́ta. Ìdíje lè wáyé. Ẹni tí ètò rẹ̀ bá lè mú omi wá, tí iye rẹ̀ sì kéré jù, òun ni yóò gba iṣẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ti jáde nínú ìdíje yìí. Ẹni tí wọ́n bá bá sọ̀rọ̀, bí kò bá dáhùn, kò jẹ̀bi. Bí ó bá dáhùn, ó ti lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ ẹni náà. Ẹni tó dáhùn náà kò tún ní du iṣẹ́ ìlú mọ́ láéláé. Kí agogo tó lù, ẹni tó bá fẹ́ tún ètò rẹ̀ tàbí iye rẹ̀ ṣe, kó tún un ṣe. Bí ará ìlú bá ní ìbéèrè, mo ń gbọ́."

Obìnrin sísanra kan dìde láàárín èrò. Ìyá Rábí alágbàfọ̀ ni, tí àwọn ènìyàn mọ̀ nítorí pé aṣọ tí ó bá fọ̀ máa ń funfun bí ẹyin lékèélékèé.

"Mo fẹ́ bi ẹni Kùrukùru léèrè. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ omi, òun àti ìdílé rẹ̀ ló ń lọ gbé Ilé Ìdí-Páìpù, kí òùngbẹ tó bá fẹ́ gbẹ wá lè kọ́kọ́ gbẹ wọ́n. Ta ni nínú yín ló ń bọ̀ wá gbé ibẹ̀?"

Ọ̀gbẹ́ni Déjọbí ló wá ṣojú ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀dọ́kùnrin tó mọ́ra ni, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi gbé e wá; òun fúnra rẹ̀ wà ní ìlú òkèèrè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà.

"Mo kí yín, Màmá," ó wí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Omi tiwa kò gba inú páìpù. Ohun tí kò ní páìpù kò lè ní ìdí páìpù. A ti ka òfin yín dáadáa."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Rábí kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ọmọkùnrin náà.

Ìbíyẹmí ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Bí òun bá dákẹ́, Ọ̀gá ni yóò gba iṣẹ́, ìlú yóò sì ṣí ẹ̀rọ, eruku ni yóò jáde. Bí òun bá sì fi ẹ̀sùn kàn án, òótọ́ ni yóò jẹ́, òun sì ni yóò fi ọwọ́ ara òun ha orúkọ ọ̀gá òun kúrò lára òkúta. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Bí òun bá bá a sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, tí òun sì jáde, Ọ̀gá ṣì lè tún ètò rẹ̀ ṣe kí agogo tó lù. Ó mọ kànga inú yanrìn. Ọ̀gá ló kọ́ òun. Kò ṣáà ní dáhùn, ìyẹn ti tó.

Ó ronú nípa ọkọ rẹ̀ tó ti ń kó ẹrù sínú àpótí nítorí Ilé Ìdí-Páìpù. Ó ronú nípa ọ̀pọ̀ ọdún tó fi ń retí ọjọ́ òní.

Ó dìde.

Ó gba àárín gbọ̀ngàn kọjá. Ariwo èrò ń rọlẹ̀ bó ti ń lọ, àwọn tó wà lẹ́yìn ń béèrè pé kí ló dé, àwọn tó wà níwájú ń ní kí wọ́n dákẹ́. Ìyáàfin Abíọ́nà na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ fà á padà, kò bá a. Ọ̀gá Fátúróti rí i tó ń bọ̀. Ó mi orí, kì í ṣe bíi ti ẹ̀ẹ̀kan: "Rárá" ló fi mi. Ìbíyẹmí dé iwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ọ̀gá mi," ó wí.

Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ pọ́n bẹ̀lẹ̀jẹ̀.

"Ìbíyẹmí Arówólò ti jáde," ni Adíwọ̀n wí.

Kò wo ẹ̀yìn. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá. Ẹ kú ìrọ́jú. Mo wà lábẹ́ igi òdán lọ́jọ́ tí ẹ sin wọ́n, n kò lè wọlé. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a tún rí irú rẹ̀." Ó gbé ojú sókè sí i. "Ọ̀gá, Ìsun Olótùútù ti gbẹ. Mo gun òkè lọ. Mo fọwọ́ kan ìdí rẹ̀. Eruku ni mo bá níbẹ̀. Ẹ tún ètò yín ṣe kí agogo tó lù. Ẹ fi odò ṣe é. Ẹ má dá mi lóhùn o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sáà tún un ṣe."

Àwọn tó wà lẹ́yìn dìde dúró lórí àga wọn.

Bàbá arúgbó náà wò ó. Ní àkọ́kọ́, ó jọ ẹni tí kò gbọ́. Lẹ́yìn náà, ohun kan tú lójú rẹ̀, bí ìgbà tí ilé àtijọ́ bá wó láti inú wá tí ògiri ìta ṣì dúró. Ó gbé ojú sí fèrèsé, sí ìhà ibi tí Òkè Ìjókòó wà. Ìbíyẹmí mọ ohun tó ń gbọ́ nínú ọkàn rẹ̀. Òun náà ti gbọ́ ọ rí.

Wàláà tí wọ́n fi ń tún ètò ṣe wà lórí itan rẹ̀. Ó gbé e. Ó wo ètò Ìbíyẹmí lójú ògiri, ó wo kànga inú yanrìn tí ọmọṣẹ́ rẹ̀ yà síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó ti mọ́ tónítóní ju tirẹ̀ lọ. Ó wo ọmọ náà tó kúnlẹ̀ sílẹ̀, tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dojú wàláà náà dé.

"Dìde, Ìbíyẹmí," ó wí.

"Ọ̀gá!"

"Mo ní kí o dìde, ọmọ mi. A dúpẹ́. Àwa náà ò ní rí ibi yín." Ó fa atẹ́gùn sínú. "Màmá Ayọ̀ká béèrè rẹ kí ó tó lọ. Mo sọ fún un pé o wà nítòsí."

Ẹ̀gbà Ọ̀gá ti pọ́n láti ìgbà tí ó ti sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ìbíyẹmí dì í lẹ́sẹ̀ mú, ó bú sẹ́kún.

"Fátúróti Ọládòkun ti jáde," ni Adíwọ̀n wí. "Kò tún ní du iṣẹ́ ìlú mọ́."

Ariwo sọ. Ọ̀gbẹ́ni Déjọbí ń pariwo láti ibi tó wà pé, "Ṣé ẹ rí wọn? Wọ́n ti lẹ̀dí àpò pọ̀! Èmi nìkan ló kù. Ẹ fọ́ kóló mi!"

Ìyáàfin Abíọ́nà dìde. Ó ka apá òfin kan sókè, apá tí kò sí ẹni tó tíì gbọ́ rí nínú gbọ̀ngàn náà nítorí pé kò tíì sí ọjọ́ tó wúlò. "*Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bí ó bá ku kóló kan ṣoṣo, a kò gbọdọ̀ fọ́ ọ. Kí a tún ìpè pè, kí a sì tún gbogbo orísun omi wò láti ìbẹ̀rẹ̀.*" Ó kọjú sí ìmọ́lẹ̀ náà. "Ẹ̀tọ́ yín kò sọnù, Ọ̀gbẹ́ni. Ẹ tún padà wá nígbà ìpè tuntun. Ẹnikẹ́ni tí kò bá sí lábẹ́ ìfòfindè náà lè wá."

Adíwọ̀n tún apá òfin náà yẹ̀ wò. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí. Gíláàsì àyà rẹ̀ kú.

Lórí àtẹ̀gùn ìta, Ìbíyẹmí di ọ̀gá rẹ̀ ní apá mú. Wọ́n ti bọ́ ẹ̀gbà kúrò lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ibi tí ó wà lára wọn funfun, ó sì jìn díẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ fi dáhùn, Ọ̀gá? Ẹ bá sáà kọ ọ́. Ìlú kì bá ṣòfò."

"Kí ni n bá kọ? Ètò rẹ ni n bá kọ. N bá fi tìrẹ gba iṣẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́." Ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Èmi ni n kò lọ wo omi kí n tó ta á, Ìbíyẹmí. Bí ọmọṣẹ́ mi bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún, n bá lé e lọ sílé. Mo lé ara mi lọ sílé ni. Ní ti ẹni tó kúnlẹ̀ kí mi tí n bá ṣe bí ẹni pé n kò rí i..." Kò parí rẹ̀. "Ìgbà ìpè tuntun, ìwọ ni kí o dìde. Kò sí ẹ̀gbà lọ́wọ́ mi. Mo lè bá ọ sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́."

Ìyá Rábí ti dúró dè wọ́n nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Inú rẹ̀ kò dùn rárá.

"Ẹ kú ìkíni o," ó wí. "Ẹ ti kí ara yín tán. Wọ́n ń ti ẹ̀rọ omi lọ́la, nítorí ẹni tó gba iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, àsìkò rẹ̀ ti pé. Kí la ó máa mu títí wọn yóò fi tún ìpè pè? Ìkúnlẹ̀ yín?"

Òótọ́ ni obìnrin náà sọ, àwọn tó pé jọ lẹ́yìn rẹ̀ sì ń kùn. Ìbíyẹmí wo Ọ̀gá. Òun náà ni Ọ̀gá ń wò.

"Ẹ bá mi wá ọkọ́ àti ṣọ́bìrì," ni Ìbíyẹmí wí. "Ká lọ sódò."

"Odò ti gbẹ!"

"Ojú rẹ̀ nìkan ló gbẹ."

Kì í ṣe gbogbo wọn ló tẹ̀ lé e. Púpọ̀ lọ sílé, wọ́n ń ṣépè. Ṣùgbọ́n Ìyá Rábí tẹ̀ lé e, nítorí ẹni tó bá fọṣọ jẹun kò lè jókòó sílé bínú. Àwọn díẹ̀ tẹ̀ lé Ìyá Rábí. Yanrìn Odò Ìmójò gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ó ń tàn bí iyọ̀. Ìbíyẹmí yan ibi kan nísàlẹ̀ ibi tí odò ti yà, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Kò pẹ́, àwọn ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Yanrìn funfun tán, wọ́n kan yanrìn pupa. Yanrìn pupa ń ya lulẹ̀, wọ́n ń kó o. Oòrùn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹnìkan ní kò sí nǹkankan níbẹ̀. Ẹlòmíràn ní kó ṣe sùúrù.

Lẹ́yìn náà ni ìsàlẹ̀ kòtò náà dúdú. Ó tutù. Omi ń sun jáde láti ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi bo àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó wà nínú kòtò.

Àwọn ènìyàn hó. Ìyá Rábí ti tẹ igbá bọ inú rẹ̀ kó tó rí i pé ó dàrú bí omi ẹrẹ̀; ó yọ igbá jáde, ó wò ó, ó wo Ìbíyẹmí.

"Ẹ gbé igbá kúrò, Ìyá Rábí," ni Ìbíyẹmí wí. "Ẹ jẹ́ kó tòrò."

Ọ̀gá Fátúróti ti wá ibì kan jókòó sí lórí bèbè. Ìbíyẹmí lọ jókòó tì í. Àwọn yòókù náà jókòó yí kòtò náà ká, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé ọkọ́ lé itan, ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kan omi náà.